Ìlà Tí Ràbíátù Yọ Kúrò Nínú Gbọ́ràn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ wá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe alábòójútó sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti garawa oníke ní Sango-Ọ̀tà. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò gbọ́ Òyìnbó náà. Òǹkà nìkan ló gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, yálà ọmọ Ìwó ni o, yálà ọmọ London ni, ó di dandan kó wá ògbufọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi Òyìnbó yangàn sí mi lára.

Ràbíátù ló là mí lóye gbogbo èyí. Ọmọ Ìwó ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó dé sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìjù-Ọ̀tà, tó kó ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe rẹ̀ sínú ọ̀rá. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń wá, iṣẹ́ ọmọrí ló rí. Ó ń dé ọmọrí lé kẹ́ẹ̀gì, ó ń dì wọ́n ní méjìlá méjìlá, kò sì ráhùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó wá gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, ó yọjú wo rẹ́jísítà mi, ó ní mo ti ka ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún méje mọ́ ti òsì. Mo lé e jáde. Nígbà tó lọ tán, mo tún un kà, òótọ́ ló sọ. Mo bínú sí i fún bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà la di ọ̀rẹ́.

Ẹni tó mú un kúrò nídìí ọmọrí ni Bàbá Adéfẹ́mi Ògúnlẹ́yẹ, ọmọ bíbí Ọ̀tà, tó jẹ́ ẹnjiníà àgbà wa nígbà náà. Kí Ràbíátù tó dé ni Bàbá ti ṣe ohun kan tí mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ládùúgbò wa. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ike di kẹ́ẹ̀gì, Òyìnbó ni wọ́n kọ sí ojú wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró tì wọ́n ò sì lè ka Òyìnbó. Wọ́n kàn há ibi tí wọ́n máa tẹ̀ sórí ni. Bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí kò nísàlẹ̀ ló máa jáde. Bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà fún oṣù méje, ó ṣẹ̀dá èdè kan tí wọ́n á fi máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Gbọ́ràn.

Gbọ́ràn ò le. Ẹni tó bá lè ka Yorùbá lè kọ ọ́. Wàá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: Gbóná dé igba. Dúró ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Fẹ́ atẹ́gùn. Ṣí ẹnu. Ti kẹ́ẹ̀gì jáde. Ẹ̀rọ á sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Àǹtí Mọ̀nsúrát tó ń dúró ti ẹ̀rọ kẹta ló mọ̀ ọ́n kọ jù nínú gbogbo wọn. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́rin, ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ kó tó kà á. Síbẹ̀, nígbà ọyẹ́, tí ike kì í tètè yọ́, á fi ìṣẹ́jú àáyá méjì kún ìdúró ẹ̀rọ rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Kẹ́ẹ̀gì tó ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kéré jù. Mo mọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó èyí tó bàjẹ́ wá.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, Ràbíátù á lọ dúró lẹ́yìn Àǹtí Mọ̀nsúrát, á máa wò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá kọ́ ọ fún ọdún méjì, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń lo Gbọ́ràn nìkan, ó kọ́ ọ ní inú Gbọ́ràn gan-an, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di òǹkà. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ó kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìlà, tí wọ́n fi èdè tí wọ́n ń pè ní C kọ, láìsí àlàyé kan ṣoṣo níbẹ̀. Bàbá kì í kọ àlàyé. Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ ìdí.

Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Gbọ́ràn ń gbé, kọ̀ǹpútà náà sì ti darúgbó. Aago inú rẹ̀ a máa sáré, Bàbá sì ti lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ inú Gbọ́ràn láti fi fa aago náà sẹ́yìn. Bí ẹ̀yà rẹ̀ kan bá bàjẹ́, inú òkú kọ̀ǹpútà la ti ń ṣa òmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ ra àwọn bọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ra fóònù fún àwọn súpáfáísọ̀, kí wọ́n lè máa wo ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n bá wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, bọ́ọ̀dù, fóònù, òǹkà tí ọ̀kan gbọ́, èkejì ò gbọ́ ọ. Gbọ́ràn ní láti kó kúrò nílé àtijọ́, kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nílé tuntun méjì.

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti olú ilé-iṣẹ́ ní Èkó, Tahir ni wọ́n ń pè é, kò gbà pé ó yẹ kó kó lọ síbì kankan. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni o, kì í pariwo, àmọ́ ó ní òun ò lè gbé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lé orí nǹkan tí ẹnì kan ṣoṣo mọ inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń ta ohun tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ní pípé, Òyìnbó látòkè délẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àǹtí Mọ̀nsúrát àti àwọn mọ́kànlá tó dà bí i tirẹ̀ máa padà sídìí ọmọrí, àwọn tó ka Òyìnbó á wá dúró ti ẹ̀rọ wọn.

Ràbíátù bẹ̀bẹ̀. Tahir fún un ní oṣù mẹ́ta láti kó Gbọ́ràn lọ sórí bọ́ọ̀dù àti fóònù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi tàtijọ́ àti tuntun ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àbájáde wọn bá dọ́gba, Gbọ́ràn dúró. Bí wọn ò bá dọ́gba, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, níwọ̀n tí mo mọ̀ ọ́n mọ. Wàá gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìlà yẹn fún irinṣẹ́ kan tó máa yí wọn padà sí òǹkà tí bọ́ọ̀dù gbọ́. Yíyí padà yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ́ńpáìlì. Bó bá rí ohun tí kò yé e, á dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ràbíátù gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀sùn irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún ló jáde. Mo bi í pé ṣé kò ní sunkún. Ó ní ẹ̀sùn tó bá sọ nọ́ńbà ìlà tí ìṣòro wà fún èèyàn, ojú rere ló ń ṣe síni.

Sítọ́ọ̀ mi ló ti ń ṣe é, nítorí ariwo ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, iná ibẹ̀ sì máa ń dúró. Ọmọ rẹ̀ ṣì kéré nígbà náà, bó bá ti ń sùn lórí páálí ìbọ̀wọ́, ìyá rẹ̀ á máa tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé ijọ́sí, kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò ní àyè fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, Bàbá wá fi ọgbọ́n tọ́jú wọn síbi tí ẹlòmíràn ò ní wò. Nígbà tí wọ́n dé orí bọ́ọ̀dù, kàkà kí wọ́n jáde bó ṣe yẹ, ohun tó jáde dà bí ìgbà tí adìẹ ha ilẹ̀. Ó tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Lópin oṣù kejì, ẹ̀sùn ti ku mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó wá kọ́ńpáìlì tí ẹ̀sùn kankan ò jáde, ó dìde, ó rìn yí sítọ́ọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà jókòó. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá inú ilé. Bọ́ọ̀dù tuntun ní aago gidi, kò nílò gbogbo ohun tí Bàbá lẹ̀ mọ́ ọn nítorí aago tó ń sáré. Ràbíátù ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yọ mọ́kànlá, ó kan ìlà kan níbi tí Gbọ́ràn ti ń ka ọjọ́. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ kẹta. Ohun tí Àǹtí Mọ̀nsúrát kọ síbẹ̀ ni: Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, pè mí fún gíríìsì. Gbọ́ràn á mú márùn-ún yẹn, á yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lọ.

Ràbíátù fi hàn mí. Ó ní kí ló dé tí èèyàn á kọ márùn-ún, tí ẹ̀rọ á lo mẹ́rin. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé aago yẹn náà ni Bàbá ń bá jà níbẹ̀. Mo gbójú sókè nídìí ìrẹsì mi, mo ní kó yọ ọ́, pé Bàbá náà ti ń dàgbà nígbà tó ń kọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi. Ó yọ ọ́, ó tún un kọ́ńpáìlì, kò sí ẹ̀sùn.

Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi gíríìsì sí ẹ̀rọ kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí tàtijọ́ àti tuntun lè jọ bẹ̀rẹ̀ kíkà lọ́jọ́ kan náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ń darí ẹ̀rọ, bọ́ọ̀dù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ètò kan náà, ó sì ń kọ ohun tí òun náà ìbá ṣe sílẹ̀. Lójoojúmọ́, Tahir á gbé ìwé àwọn méjèèjì síwájú, á fi bírò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Ajé dọ́gba. Ìṣẹ́gun dọ́gba. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ dọ́gba. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kọ̀ǹpútà àtijọ́ pe Àǹtí Mọ̀nsúrát fún gíríìsì. Ó wá gbà á lọ́dọ̀ mi, ó lọ fi sí i. Bọ́ọ̀dù ò sọ nǹkan kan. Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kó tó pè.

Tahir pe Ràbíátù sí ọ́fíìsì, ó ní kí èmi náà mú rẹ́jísítà gíríìsì wá. Kò bínú. Ó kàn bi í pé èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì.

“Tuntun ló tọ̀nà, ọ̀gá,” ni Ràbíátù sọ. “Tàtijọ́ ló máa ń fi ọjọ́ kan yá jù. Mo ti tún ìyẹn ṣe.”

“Láti ìgbà wo ló ti ń yá jù?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.”

Tahir gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń ka ọjọ́ ṣì fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnì kankan ò mọ̀. Kí ló tún wà níbẹ̀ tí a ò mọ̀?”

 Ràbíátù rò pé òun ń gbè sẹ́yìn Gbọ́ràn, kò mọ̀ pé òun ń tì í ṣubú ni. Tahir ní òun máa kọ lẹ́tà sí Èkó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kí wọ́n ra ti ilẹ̀ òkèèrè. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, Àǹtí Mọ̀nsúrát dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ti ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. Èmi náà ò bi í. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ràbíátù ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá. A wọ mọ́tò láti Sango, a gun ọ̀kadà wọ inú Ọ̀tà, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ìlà kankan. Ó lọ tọrọ àforíjì ni, kí Bàbá má bàa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé Gbọ́ràn ń lọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ohùn ló fi dá wa mọ̀. Ràbíátù kúnlẹ̀, ó rò fún un. Nígbà tó dórí àṣìṣe, ó fẹ́ fò ó, Bàbá ò jẹ́. Ó ní kó sọ ìlà tó jẹ́ gan-an. Ràbíátù ní ìlà tó ń yọ ọ̀kan nínú òǹkà ọjọ́ ni. Bàbá na ọwọ́, ó ní kó gbé ọmọ fún òun.

“Ọjọ́ wo lo bí èyí?”

“Ọjọ́bọ̀ ni, Bàbá.”

“Ọjọ́ wo lẹ sọ ọ́ lórúkọ?”

“Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.”

“Ọjọ́ mélòó nìyẹn?”

“Ọjọ́ mẹ́jọ,” ni Ràbíátù sọ wéré, bí gbogbo wa ṣe máa sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ya ẹnu sílẹ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, ọjọ́ méje ni. Nílé, ọjọ́ mẹ́jọ ni, nítorí ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an la fi ń ṣe ọ̀kan. Bí wọ́n bá ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an. Kò sí ọmọdé tó dàgbà ní Àyétòrò tiwa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí Àǹtí Mọ̀nsúrát ṣe ń kà á nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá ṣe kọ́ Gbọ́ràn láti máa kà á, kí ẹ̀rọ lè pe obìnrin náà lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń retí. Ràbíátù náà mọ̀ ọ́n. Ó fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Àmọ́ bó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ti iléèwé ló ń kà. Ti èmi tún burú ju tirẹ̀ lọ, nítorí èmi ò tilẹ̀ mọ ti iléèwé dáadáa, mo kàn fẹ́ pa dà sídìí ìrẹsì mi ni.

Ràbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá. Bàbá ní kó dìde.

“Èmi ni mo jẹ̀bi,” ló sọ. “Kọ̀ǹpútà ni mo kọ ọ́ fún. Mi ò kọ ọ́ fún ìwọ.”

Lọ́jọ́ Ajé, kí Tahir tó jókòó dáadáa, Ràbíátù ti dé iwájú rẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó lè sọ pé bọ́ọ̀dù ló ṣe é. Ó lè sọ pé nǹkan kan ló bàjẹ́ nígbà tó ń kọ́ńpáìlì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó sọ ni pé, “Ọ̀gá, tàtijọ́ ló tọ̀nà. Èmi ni mo ba tuntun jẹ́.” Ó wá ṣàlàyé fún un. Mo rí Tahir tó ń fi ìka rẹ̀ ka nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ó ní kí wọ́n pe Àǹtí Mọ̀nsúrát, ó bi í pé bó bá fi gíríìsì sí ẹ̀rọ lónìí, ìgbà wo ló tún kàn.

“Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùba, Àlàmísì, Jímọ́ọ̀,” ni Àǹtí Mọ̀nsúrát kà. “Jímọ́ọ̀ ni. Ọjọ́ márùn-ún náà nìyẹn. Àbí ẹ máa ń kà á lọ́nà mìíràn ní Èkó ni?”

Tahir rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń gbé lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti yé òun, ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn òun ni pé Ràbíátù tó mọ inú Gbọ́ràn jù lọ ló yọ ìlà yẹn. Bí ọ̀la bá dé tí kò sí níbí mọ́, kí ni ẹlòmíràn máa yọ? Ó ní òun máa fi lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú Gbọ́ràn ní ìdí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìdí ò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀rọ òun. Bí ìlà bẹ́ẹ̀ bá sì kù síbẹ̀, lẹ́tà á lọ. Mo fẹ́ bínú sí i, àmọ́ mi ò rí ibi tó ti jẹ̀bi.

Ràbíátù dá ìlà náà padà, ó kọ́ńpáìlì, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Jímọ́ọ̀ dọ́gba, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e dọ́gba, Àbámẹ́ta dọ́gba. Ìyẹn parí. Èyí tó kù ni ìdí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìlà, orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà.

Báyìí ni Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé-iṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á fi mọ́tò gbé e wá, á jókòó sórí àga mi nínú sítọ́ọ̀, èmi á dúró. Ràbíátù á ka ìlà kan sókè, Bàbá á sọ ìdí rẹ̀, Ràbíátù á kọ ọ́ ní Yorùbá sókè ìlà náà. Àwọn kan rọrùn, Ràbíátù á ti kọ ìdí wọn fúnra rẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Àwọn mìíràn, ìtàn ni. Ìlà kan wà tó ń mú kí ẹ̀rọ karùn-ún dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí i kó tó pa ẹnu dé. Bàbá ní ọwọ́ òsì Ayọ̀rìndé tó ń dúró tì í nígbà náà ò yá, pé òun ò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e lọ́wọ́. Ayọ̀rìndé ti kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwa tí a jọ bá a ṣiṣẹ́, a ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un, mi ò sì rò pé òun náà mọ̀. Ràbíátù kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé, Tahir náà wá jókòó tì wá. Ràbíátù ka ìlà kan. Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní kó ka èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kà wọ́n. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

“Ràbí,” ló sọ, “mi ò rántí mọ́.”

Ràbíátù yọ ìlà náà wò, ó kọ́ńpáìlì fún bọ́ọ̀dù, ó kọ́ńpáìlì fún fóònù. Ó fi ètò gbogbo ẹ̀rọ méjèèjìlá dán an wò. Kò sí ohun tó yí padà. Bí òfin Tahir ṣe wí, ó yẹ kó máa lọ nìyẹn. Bàbá ò sọ pé kó fi sílẹ̀, kò sì sọ pé kó yọ ọ́. Ó kàn jókòó, ó tẹrí ba, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Bàbá tí mo mọ̀ láti ogún ọdún, tó bá ti gbóhùn sókè tí gbogbo wa ń sá síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó sọ nǹkan nù sílé onílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ ń to ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Ràbíátù dá ìlà náà padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Tahir.

“Ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀,” ni Tahir sọ. “Bí ẹlòmíràn bá dé, ó kéré tán, á mọ ohun tí a ò mọ̀. Màá sọ fún wọn ní Èkó pé Gbọ́ràn dúró.”

Ràbíátù kọ ọ́, ó sì kà á sókè kí Bàbá lè gbọ́. “Bàbá Ògúnlẹ́yẹ ló kọ ìlà yìí. Wọn ò rántí ìdí rẹ̀ mọ́. A ti yọ ọ́ wò, a ò rí ohun tó yí padà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu ojú rẹ̀, ó tún un dé.

“Ó dáa,” ló wí. “Ka èyí tó kàn.”